Ìpààrọ̀ Ẹ̀dà Ètò Kọ̀ǹpútà Ọ́fíìsì àti Ìbéèrè Tí Aristotle Fi Sílẹ̀

Nínú ọ̀pọ̀ ìpinnu tí àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ máa ń ṣe, ó ṣòro láti rí èyí tí wọ́n ń fojú kékeré wò tó ìpinnu lórí bóyá kí wọ́n gbé ètò kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wọn sí ẹ̀dà tuntun tàbí kí wọ́n máa lo èyí tó wà nílẹ̀ lọ. Ètò kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni àpapọ̀ àwọn irinṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ fi ń kọ lẹ́tà, tí ó fi ń ṣírò owó, tí ó sì fi ń to ọ̀rọ̀ ìpàdé sílẹ̀. Microsoft Office àti LibreOffice wà lára àwọn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ jù. Ẹ̀dà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìrísí tí irú ètò bẹ́ẹ̀ ń gbé wọ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún, tí àwọn tó ṣe é ń fi nọ́ńbà tàbí ọdún dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá. Ẹ̀ka ìṣúná ni wọ́n sábà máa ń ti ọ̀rọ̀ náà sí, bí ẹni pé iye owó nìkan ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ti dàgbà ju kọ̀ǹpútà lọ. Bí ohun kan bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tí èyí tó sàn jù ú lọ sì yọjú, ṣé dandan ni kí àwọn tó ń lo ti àkọ́kọ́ jù ú nù? Ta ló sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ fún wọn pé àkókò ti tó?

Aristotle, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ilẹ̀ Gíríìsì tó gbé ayé láti 384 sí 322 ṣáájú ìbí Kristi, yẹ ìbéèrè yìí wò nínú ìwé kejì iṣẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Politics. Ọ̀rọ̀ Hippodamus ará Miletus ló fà á, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí ọgbọ́n tó ní láti fi òpópónà gígùn pín ìlú, òun náà ló sì ṣètò Piraeus tó jẹ́ èbúté Athens. Hippodamus dábàá pé kí ìlú ṣe òfin tí yóò máa fi ọlá fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣàwárí ohun kan tó ṣe ìlú láǹfààní. Àbá náà dùn létí, ṣùgbọ́n Aristotle kò yára gbà á, nítorí ó rí i pé bí ìlú bá ń san èrè fún àwárí tuntun, kò ní pẹ́ tí àwọn kan yóò fi máa gbé àbá tó lè tú òfin ìlú ká wá lábẹ́ orúkọ ire gbogbo ará ìlú. Ibẹ̀ ni ó ti bèèrè bóyá àǹfààní tàbí ìpalára ló wà nínú kí a máa yí òfin àwọn baba padà nígbàkigbà tí èyí tó sàn jù bá wà.

Ẹ̀yìn àwọn tó fẹ́ àyípadà ni ó kọ́kọ́ gbè sí. Ìmọ̀ ìṣègùn, ó ní, ti jèrè púpọ̀ nítorí pé àwọn oníṣègùn kúrò lórí ohun tí àwọn tó ṣáájú wọn ń ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀kọ́ eré ìdárayá. Àwọn òfin àtijọ́ mìíràn kò bójú mu rárá, nítorí ìgbà kan wà tí àwọn ará Gíríìsì ń gbé ohun ìjà kiri, tí wọ́n sì ń ra ìyàwó lọ́wọ́ ara wọn. Ohun rere ni ènìyàn sì ń wá, kì í ṣe ohun tí baba rẹ̀ ṣe nìkan. Lẹ́yìn tó ti sọ gbogbo èyí ló wá yí padà sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bẹ̀rù àyípadà, ó sì sọ ohun tí àwọn tó ń ta ẹ̀dà tuntun lóde òní ì bá ṣe dáadáa láti gbé yẹ̀ wò. Ó ní àpẹẹrẹ iṣẹ́ ọwọ́ kò bá ti òfin mu, nítorí agbára kan ṣoṣo tí òfin fi ń mú ènìyàn gbọ́ràn ni àṣà, ìyẹn ohun tí a ti ṣe títí tó fi mọ́ wa lára, àṣà kì í sì í fìdí múlẹ̀ láì gba ọjọ́ pípẹ́. Ìlú tó bá ń fi ìrọ̀rùn pààrọ̀ òfin àná sí tòní ń sọ okun òfin fúnra rẹ̀ di yẹpẹrẹ, nítorí náà, níbi tí èrè bá ti kéré, ó sàn kí a fara mọ́ àwọn àṣìṣe kéékèèké kan. Níkẹyìn ó bèèrè bóyá gbogbo òfin ni ó ṣeé yí padà, àti bóyá ẹnikẹ́ni ló lè yí i tàbí àwọn kan pàtó. Ó ní ìyàtọ̀ ńlá wà nínú ìdáhùn wọ̀nyí, ó sì sún ọ̀rọ̀ náà di ọjọ́ mìíràn. Àwọn tó ń pinnu lórí ètò ọ́fíìsì kò lè sún ìbéèrè yẹn síwájú bí ó ti sún un, nítorí òun gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ wọn dúró lé.

Ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ ni ìhà tí irú ètò bẹ́ẹ̀ wà nínú ìpín tí Aristotle pín. Àgbẹ̀ tó bá fẹ́ pààrọ̀ ọkọ́ rẹ̀ kò nílò láti bi ará oko kejì léèrè, nítorí bí ọkọ́ tuntun kò bá bá a lọ́wọ́ mu, òun nìkan ni iṣẹ́ yóò ni lára, ó sì lè padà mú ti àtijọ́ lọ́la. Ìlú tó bá fẹ́ yí ọjọ́ ọjà ọrọọrún rẹ̀ padà kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn ará abúlé tó yí i ká, àwọn alájàpá àti àwọn onígbèsè tó dá ọjọ́ fún ara wọn ni wọ́n jọ gbé ayé wọn lé ọjọ́ yẹn, bí ọjọ́ tuntun tilẹ̀ dára ju ti àtijọ́ lọ. Gẹ́gẹ́ bí ọkọ́ ni ètò ọ́fíìsì ṣe ń wọlé, wọ́n á rà á, wọ́n á sì fi í lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti pẹ́ láàárín àwọn ènìyàn, ìwà ọjọ́ ọjà ni ó ń hù. Àṣìṣe àwọn tó ń pinnu lórí rẹ̀ sábà máa ń ti ibí yìí wá, nítorí ọkọ́ ni wọ́n rò pé àwọn ń rà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí Microsoft Office 2007 jáde fi èyí hàn gbangba. Kí ó tó dé, òkè ojú ètò náà ni àwọn ọ̀rọ̀ bíi File, Edit, View, Insert àti Format máa ń wà, tí òṣìṣẹ́ bá sì tẹ ọ̀kan, àtòkọ àwọn iṣẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ á já wálẹ̀. Akọ̀wé tó ti lo ẹ̀dà àtijọ́ fún ọdún mélòó kan kì í wo ibi tí ó ń tẹ̀ mọ́, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ọ̀nà. Ẹ̀dà 2007 kó àwọn àtòkọ wọ̀nyẹn kúrò, ó to àwọn àmì kéékèèké sí òkè ní ìsọ̀rí ìsọ̀rí, File pàápàá sì pòórá, àmì róbótó kan ní igun apá òsì ló rọ́pò rẹ̀, débi pé ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ tẹ lẹ́tà jáde sórí pépà kò mọ ibi tí wọn yóò gbà. Martin Heidegger, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ilẹ̀ Jámánì, ti ṣàlàyé nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1927 pé òòlù tó wà lọ́wọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í jẹ́ ohun tí ẹni náà ń wò, iṣẹ́ tó ń ṣe ni ojú rẹ̀ wà lára, àfìgbà tí òòlù bá fọ́ tàbí tí ó bá sọnù ni yóò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i gẹ́gẹ́ bí òòlù. Ìpààrọ̀ ẹ̀dà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀kan náà: irinṣẹ́ tí ojú kò rí mọ́ á wá dúró gbọnin síwájú iṣẹ́. Ó yẹ kí a sọ pé àwọn kan tó kọ́ ọ̀nà tuntun náà fẹ́ràn rẹ̀, pàápàá àwọn tí kò mọ ti àtijọ́ rí, àmọ́ nígbà tí ẹ̀dà 2010 dé, àwọn tó ṣe ètò náà dá File padà sí ipò rẹ̀. Àṣà ló borí níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ohun tí kò ní làákàyè ló borí.

Èyí tó tún mú kí ọ̀rọ̀ náà jọ ti òfin ju ti irinṣẹ́ lọ ni ọ̀nà tí ètò náà ń gbà fi iṣẹ́ pamọ́. Ẹ̀dà 2007 bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn ìwé pamọ́ sínú irú fáìlì tuntun tí orúkọ rẹ̀ parí sí docx, dípò doc ti tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá sì wà lórí ẹ̀dà 2003 kò lè ṣí i àfi bí ó bá wá àfikún kan tí Microsoft fi síta lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ilé iṣẹ́ kan bá gbé ara rẹ̀ sí ẹ̀dà tuntun, ó ti mú ìpinnu wọ inú ọ́fíìsì àwọn oníbàárà rẹ̀ àti ti àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀, láì jẹ́ pé ó bi wọ́n léèrè. Ìgbésẹ̀ láti sọ irú fáìlì bẹ́ẹ̀ di ohun tí gbogbo ayé mọ ìlànà rẹ̀ gba ọdún mélòó kan: àjọ ISO, tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún àgbáyé, fọwọ́ sí irú fáìlì tí OpenOffice, ètò ọ́fíìsì mìíràn, ń lò ní 2006, ó sì fọwọ́ sí ti Microsoft ní 2008 lẹ́yìn àríyànjiyàn tó le.

Nípa àṣìṣe kékeré tí Aristotle ní kí a fara mọ́, àpẹẹrẹ kan wà tó pé pérépéré. Gẹ́gẹ́ bí kàlẹ́ńdà tí ayé ń lò, ọdún tó bá parí sí òdo méjì kì í ní ọjọ́ 29 nínú oṣù kejì, àfi bí ó bá ṣeé fi 400 pín láìṣẹ́kù; ọdún 1900 kò ní i, ṣùgbọ́n Excel, ìyẹn irinṣẹ́ ìṣirò inú Microsoft Office, ń ka ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 1900 mọ́ ọjọ́ títí di òní. Àṣìṣe náà ti wà nínú Lotus 1-2-3, irinṣẹ́ ìṣirò tó ṣáájú rẹ̀, tó jáde ní 1983, àwọn tó ṣe Excel sì mọ̀ọ́mọ̀ gbé e wọlé kí àwọn tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ má baà pàdánù iṣẹ́ wọn. Bí wọ́n bá tún un ṣe lónìí, ọjọ́ tó wà nínú àìmọye ìwé ìṣirò káàkiri ayé yóò fi ẹyọ kan yẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn tó ń lò ó ni wọ́n rò. Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, àjọ tó ń fún jíìnì ènìyàn lórúkọ, ìyẹn àwọn ohun tó ń gbé àbùdá láti ara òbí dé ara ọmọ, ní láti yí orúkọ jíìnì bíi mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n padà nígbà tó fi máa di 2020, nítorí pé Excel ń sọ MARCH1 di ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, tó sì ń sọ SEPT1 di ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án nínú ìwé ìwádìí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ọdún 2023 ni ètò náà tó wá fún àwọn ènìyàn láǹfààní láti sọ pé àwọn kò fẹ́ kí ó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Níbi tí ìmọ̀ bá ti ń yí orúkọ padà kí irinṣẹ́ má baà bà á jẹ́, ó ti hàn pé a ti gbé ọ̀rọ̀ náà dojú dé.

Síbẹ̀, ìṣòro tó wà nínú dídúró lójú kan tóbi ju ìyẹn lọ, ó sì lè gba ẹ̀mí ènìyàn. Láàárín ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án àti ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ń jà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ àwọn ènìyàn 15,841 tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé wọ́n ní àrùn náà kò dé inú àkọsílẹ̀ tí ìjọba ń gbé jáde lójoojúmọ́. Ohun tó fà á ni pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń da èsì tó ń ti ilé àyẹ̀wò wá sínú irú fáìlì Excel àtijọ́ tí orúkọ rẹ̀ parí sí xls, èyí tí kò lè gbà ju ìlà 65,536 lọ. Ìlà mélòó kan ni èsì ẹnì kan ń gbà, nítorí náà fáìlì kan kò lè gba ju nǹkan bí 1,400 ènìyàn lọ, gbogbo èyí tó bá sì ṣẹ́kù á já bọ́ láìsí ariwo kankan. Irú fáìlì tuntun, xlsx, ti wà láti 2007, ìlà 1,048,576 ni ó sì ń gbà. Àwọn tí àrùn náà mú gbọ́ èsì tiwọn, wọ́n sì sọ fún wọn pé kí wọ́n dá dúró nílé, ṣùgbọ́n àwọn tó bá wọn jẹun, tó bá wọn wọ ọkọ̀ tàbí tó jókòó tì wọ́n níbi iṣẹ́ kò tètè gbọ́ ohunkóhun, nítorí orúkọ tí ì bá mú àwọn awádìí dé ọ̀dọ̀ wọn ti sọnù sísàlẹ̀ ìlà tó kẹ́yìn. Láti tún un ṣe, wọ́n pín èsì náà sí wẹ́wẹ́ kí fáìlì àtijọ́ lè gbà á.

Ọdún mẹ́ta ṣáájú ìyẹn, ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ WannaCry ti dá iṣẹ́ dúró ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn àjọ tó ń bójú tó ọsibítù ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ oṣù kẹta ọdún náà ni àtúnṣe ààbò tó lè dènà rẹ̀ ti jáde. Ìpààrọ̀ ẹ̀dà àti àtúnṣe ààbò kì í ṣe ohun kan náà, ó sì yẹ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀: àtúnṣe ààbò ń dí ihò tí olè lè gbà wọlé, kì í sábà yí ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ ń gbà ṣiṣẹ́ padà, nítorí náà kò sí ohun tí ó yẹ kó fà á sẹ́yìn. Ìpààrọ̀ ẹ̀dà ni ó ń kan àṣà.

Kwasi Wiredu, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ọmọ ilẹ̀ Gánà tó kú ní 2022, dárúkọ àrùn mẹ́ta tó lè ba àwùjọ jẹ́ nínú ìwé tó gbé jáde ní 1980 lórí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò àti àṣà Áfíríkà. Ẹ̀kíní ni dídi ohun tí àkókò rẹ̀ ti kọjá mú, ẹ̀kejì ni fífi agbára ti ìfẹ́ ẹlòmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀kẹta sì ni gbígbé ọ̀rọ̀ ayé lé agbára àìrí lọ́wọ́ níbi tí kò yẹ. Méjì àkọ́kọ́ ló kan ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí, ohun tó sì jẹ́ ẹ̀kọ́ ńlá nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó ń sá fún ọ̀kan lè kó sínú èkejì. Fáìlì xls ti 2020 jẹ́ àpẹẹrẹ àrùn kìíní: ohun tó dára nígbà tirẹ̀, tí wọ́n fi sí ẹnu iṣẹ́ tí kò lágbára láti ṣe mọ́. Àṣẹ tó máa ń wá láti òkè pé láti ọjọ́ Ajé ni gbogbo òṣìṣẹ́ yóò wà lórí ẹ̀dà tuntun, láìsí ẹ̀kọ́, láìsí ìbéèrè, jẹ́ àpẹẹrẹ àrùn kejì. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló ń fi àrùn kejì wo ti ìkíní, tí wọ́n sì ń pe ara wọn ní olùfẹ́ ìtẹ̀síwájú.

Ọ̀ràn náà ti wá le sí i nítorí pé ìpinnu fúnra rẹ̀ ti ń kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ń lo ètò. Láti ọdún 2011 tí Office 365 ti jáde, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í ra ètò mọ́, owó ni wọ́n ń san lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún, ìyípadà sì ń wọlé bí àwọn tó ṣe é bá ti fẹ́. Àwọn tó ṣì fẹ́ rà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè rí ẹ̀dà 2024 rà, ṣùgbọ́n ẹ̀dà tí wọ́n bá rà ní ọjọ́ tí ìtìlẹ́yìn yóò tán, ìyẹn ọjọ́ tí Microsoft kò ní tún ihò rẹ̀ dí mọ́. Fún ẹ̀dà 2016 àti ẹ̀dà 2019, ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025 ni ọjọ́ náà, Windows 10, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, sì bá wọn parí lọ́jọ́ kan náà. Lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá dúró lórí ẹ̀dà àtijọ́ ń fi ẹrù ẹlòmíràn wewu, nítorí àkọsílẹ̀ tó wà nínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kì í ṣe ti olówó ilé iṣẹ́ nìkan. A kò lè pe irú ipò bẹ́ẹ̀ ní yíyàn ní kíkún. Ìdí nìyí tí ìgbìmọ̀ ìlú Munich ní Jámánì fi pinnu ní 2003, nígbà tí ìtìlẹ́yìn fún Windows NT 4 fẹ́ tán, pé àwọn yóò kó kọ̀ǹpútà ìlú náà lọ sórí Linux tó jẹ́ ètò tí ẹnikẹ́ni lè lò tí ó sì lè tún ṣe; wọ́n gbé nǹkan bí 15,000 lọ, ní 2017 wọ́n tún dìbò láti padà sórí Windows. Àwọn kan fi ìpadàbọ̀ yẹn ṣe ẹ̀gàn. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tí àwọn ará ìlú yàn ló pinnu láti lọ, irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ náà ló pinnu láti bọ̀, ní gbangba, pẹ̀lú àríyànjiyàn tí gbogbo ènìyàn gbọ́. Bí ó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, yálà ibi tí wọ́n gúnlẹ̀ sí tẹ́ ènìyàn lọ́rùn tàbí kò tẹ́ ẹ. Ní 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Schleswig-Holstein ní orílẹ̀-èdè kan náà kéde pé òun yóò gbé kọ̀ǹpútà 30,000 kúrò lórí Microsoft Office sí LibreOffice, ìdí pàtàkì tó sì fi síwájú ni pé òun fẹ́ máa dá ìpinnu òun ṣe.

Fún àwọn tó ń kọ èdè Yorùbá, ìbéèrè yìí ní ojú kan tí kò ní fún àwọn tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì. Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà tirẹ̀, fún ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò fún ẹ́ tàbí ọ̀ tí àmì ohùn wà lórí wọn ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Lẹ́tà ni kọ̀ǹpútà yóò kọ́kọ́ mú, lẹ́yìn náà ni yóò gbé àmì lé e lórí. Ètò àtijọ́ kò mọ bí wọ́n ti ń gbé àmì náà kó wà ní ipò rẹ̀, nítorí náà àwọn tó ń tẹ ìwé Yorùbá lo àwọn fọ́ǹtì àdáni, ìyẹn àkójọ ìrísí lẹ́tà, nínú èyí tí wọ́n fi ẹ́ sí ipò lẹ́tà èdè Yúróòpù kan tí wọn kò nílò. Lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó ní fọ́ǹtì náà, iṣẹ́ náà mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá ṣí fáìlì yẹn láìní fọ́ǹtì náà, ibi tí ẹ́ wà á di lẹ́tà àjèjì kan, ibi tí ọ̀ wà á di àmì tí kò ní ìtumọ̀, odidi ojú ìwé ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n á sì dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Nígbà tó yá, Windows gbé àtẹ bọ́tìnnì Yorùbá wá, àwọn onímọ̀ bíi Túndé Adégbọlá àti àjọ Alt-i tó dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn náà sì ṣe iṣẹ́ takuntakun lórí títẹ èdè yìí. Olùkọ́ tàbí ilé ìtẹ̀wé tó bá kọ ẹ̀dà tuntun nítorí pé ti àtijọ́ ti mọ́ ọn lára ń pa èdè rẹ̀ lára, kò sì sí bí a ṣe lè fi ọ̀rọ̀ àṣà gbè é lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sún sí ẹ̀dà tuntun láì yí àwọn fáìlì àtijọ́ sí Unicode kò ṣe dáadáa ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ó ti fi iṣẹ́ àwọn tó ṣáájú rẹ̀ sínú àpótí tí kò sí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́.

Ní báyìí a lè padà sí ìbéèrè nípa ẹni tó yẹ kó yí òfin. Àwọn Yorùbá kì í fá orí lẹ́yìn olórí, ìlànà yẹn sì bá ohun tí Wiredu kọ lẹ́yìn náà nípa ìfohùnṣọ̀kan mu, ìyẹn ọ̀nà tí àwọn àgbà Àṣáńtè ń gbà pinnu ọ̀rọ̀ ìlú. Ó ṣàlàyé pé ìfohùnṣọ̀kan kò túmọ̀ sí pé kí gbogbo ènìyàn ní èrò kan náà, bí kò ṣe pé kí ẹni tí èrò rẹ̀ yàtọ̀ ti sọ tirẹ̀ débi tí yóò fi lè gbà kí iṣẹ́ máa lọ. Lójú èyí, ọ̀pọ̀ ìpàdé tí wọ́n ti ń pinnu lórí ẹ̀dà tuntun kò pé. Olórí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀, akápò wà níbẹ̀, nígbà mìíràn ẹni tó ń ta ọjà náà tilẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n akọ̀wé tó ń tẹ lẹ́tà láti àárọ̀ di alẹ́, ẹni tó ń ṣírò owó oṣù, àti ẹni tó ń tọ́jú fáìlì àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì kò sí níbẹ̀. Àwọn ni ọwọ́ wọn mọ ọ̀nà, àwọn ni yóò sì pàdánù rẹ̀. Ẹni tó bá fi wọ́n sílẹ̀ lóde kò kàn ṣe àìlọ́wọ̀ nìkan, ó tún ṣe àìmọ̀kan, nítorí àwọn nìkan ló lè sọ ibi tí ẹ̀dà àtijọ́ ti ń já iṣẹ́ kulẹ̀ àti ibi tí ó ti ń gbé e dúró.

Ẹgbẹ́ kejì wà tí wọn kò lè pè wá sí ìpàdé: àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn wà nínú fáìlì. Òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì tí àkọsílẹ̀ ọdún iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ìwé kan láti 1998 kò mọ̀ pé orí irú ẹ̀dà báyìí ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, kò sì ní gbọ́ nípa ọjọ́ tí wọn yóò pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn onígbàgbọ́ ń pe ipò ẹni tó ń tọ́jú irú ohun bẹ́ẹ̀ ní iṣẹ́ ìríjú, àwọn Mùsùlùmí sì ń pè é ní àmánà. Méjèèjì gbà pé kì í ṣe ti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, àti pé yóò jíhìn. Bí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ mọ̀ bóyá àkókò ti tó láti sún sí ẹ̀dà tuntun, kí ó mú fáìlì tó pẹ́ jù lọ tí ẹnì kan ṣì ní ẹ̀tọ́ sí, kí wọ́n fi ẹ̀dà tuntun náà ṣí i, kí ẹni tó mọ ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó buwọ́ lùwé.